Mosel, Chablis àbí Marlborough: wáìnì funfun wo ló bá oúnjẹ ilé wa mu?

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ọtí ní Ìlọrin tàbí Ọ̀fà, tó ní wáìnì funfun lòun ń wá, ìbéèrè kan ni wọ́n sábà máa ń bi í: "Ṣé èyí tó dùn ni àbí èyí tí kò dùn?" Ìbéèrè yẹn ò burú, àmọ́ kò tó. Ohun tó ń jẹ́ kí wáìnì funfun fọ ẹnu mọ́ lẹ́yìn ẹja díndín, tí ọwọ́ á tún fi padà sínú àwo, kì í ṣe adùn rẹ̀, kì í sì í ṣe àìdùn rẹ̀. Kíkan ni. Kíkan yìí kì í ṣe àléébù o. Òun gan-an là ń sanwó fún nígbà tí a bá ra wáìnì ilẹ̀ olótùútù.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbí: Riesling ti àfonífojì Mosel ní Jámánì, Chablis ti ilẹ̀ Faransé, àti Sauvignon Blanc ti Marlborough ní New Zealand. Orúkọ irú àjàrà ni Riesling àti Sauvignon Blanc, orúkọ ìlú ni Chablis. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wá láti ibi tó tutù, síbẹ̀ wọn ò jọra rárá. Ojú tí mo fi ń wò wọ́n ni ojú ẹni tó ń se oúnjẹ fún àlejò ní Gúúsù Kwara, ní Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo, Òró, Ìgbàjà títí dé Òmù-Àrán, níbi tí iyán kì í ti í wọ́n lórí tábìlì, tí ata kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi ojú ẹ̀wà bù sọ́bẹ̀. Ẹ má retí pé màá sọ èyí tó dára jù láyé. Èyí tó bá àwo yín mu ni mò ń wá. Mo sì ní èyí tí mò ń ṣègbè fún, mi ò ní fi pa mọ́.

Iṣẹ́ tí òtútù ń ṣe lára àjàrà

Èso àjàrà tí kò tíì gbó kan gan-an. Bó ṣe ń pọ́n ni ṣúgà ń pọ̀ nínú rẹ̀, tí kíkan ń dín kù. Níbi tí ooru bá ti pọ̀ lọ́sàn-án, tó tún pọ̀ lóru, kíkan yẹn á tètè jó dànù, ṣúgà á sì sáré kún inú èso. Wáìnì tí wọ́n bá fi irú èso bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń le, ọtí inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dákẹ́ lẹ́nu, kì í ta. Níbi tó tutù, díẹ̀díẹ̀ ni èso ń pọ́n. Òru tútù kì í jẹ́ kí kíkan tètè lọ, nítorí náà, òórùn dídùn àti adùn á ti wọ inú èso kí kíkan tó tán níbẹ̀.

Ìlọrin wà ní nǹkan bíi dígíríì 8.5 sí àríwá ìlà tó la ayé láàárín. Mosel wà ní nǹkan bíi dígíríì 50. Ọyẹ́ tiwa, tí à ń torí rẹ̀ wọ súwẹ́tà fún ọmọ láàárọ̀, wọn ò lè pè é ní òtútù lọ́hùn-ún. Àárín ooru àti òtútù ni igi àjàrà wọn ń wà lọ́dọọdún: tí òtútù bá pọ̀ jù, èso ò ní pọ́n, tí ooru bá pọ̀ jù, kíkan á lọ. Ibi tóóró yìí ni wáìnì tí à ń sọ ti ń jáde.

Ọmọ Ìgbómìnà tó mọ ẹmu kò nílò àlàyé rẹpẹtẹ lórí bí ṣúgà ṣe ń di ọtí. Ẹmu tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ láàárọ̀ dùn, kò sì le. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú rẹ̀, ó ti le, ó sì ti kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti wáìnì, àfi pé ẹni tó ń ṣe wáìnì lè dá a dúró níbi tó bá wù ú. Tó bá dá a dúró nígbà tí ṣúgà ṣì kù, ọtí inú rẹ̀ á kéré, á sì dùn. Tó bá jẹ́ kí ìwúkàrà jẹ ṣúgà tán, ọtí á pọ̀, adùn á lọ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé kíkan ẹmu alẹ́ ń sọ fún wa pé ẹmu náà ti ń bàjẹ́ lọ. Kíkan wáìnì ti wà nínú èso láti orí igi, òun ló sì ń tọ́jú wáìnì náà kó má bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ṣúgà àti ọtí yìí, òun la máa fi ka ara ìgò tó bá yá.

Mosel: ibi tí ọkàn mi wà

Ilẹ̀ Faransé ni odò Mosel ti ṣẹ̀. Ó gba ẹ̀bá Luxembourg wọ Jámánì, ó kọjá ní Trier, ìlú tí àwọn ará Róòmù tẹ̀ dó ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, ó sì ń ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ lọ títí ó fi já sínú odò Rhine ní Koblenz. Ẹ̀gbẹ́ òkè tó kọjú sí odò yìí ni wọ́n gbin àjàrà sí. Àwọn òkè náà dà gẹ̀rẹ́ débi pé katakata ò lè gùn wọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní Calmont, ní abúlé Bremm, tó nǹkan bíi dígíríì 65 níbi tó le jù, ó sì wà lára àwọn ọgbà àjàrà tó dà gẹ̀rẹ́ jù lọ láyé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká èso ibẹ̀. Níbòmíràn wọ́n ní ọkọ̀ kékeré tó ń rìn lórí irin kan ṣoṣo, òun ló ń gbé òṣìṣẹ́ àti ẹrù gòkè. Nígbà tí ẹnì kan bá ní wáìnì Mosel gidi wọ́n, ẹ rántí ẹsẹ̀ tó gun òkè yẹn.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ lásán. Òkúta síléètì ló kún un, síléètì kan náà tí àwọn bàbá wa fi kọ A, B, D ní iléèwé. Ó máa ń gba ooru oòrùn sára lọ́sàn-án, á sì máa tú u sílẹ̀ fún igi àjàrà lóru. Odò tó wà nísàlẹ̀ náà ń da ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sára òkè. Bí kò bá sí òkúta àti omi wọ̀nyí ni, ìyà ni Riesling ì bá máa jẹ níbi tó tutù tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti ń kọ orúkọ Riesling sílẹ̀ ní Jámánì láti ọdún 1435. Ní 1787, Clemens Wenceslaus, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tó tún jẹ́ aláṣẹ ìlú Trier, pàṣẹ pé kí wọ́n hú àwọn àjàrà tí kò níláárí, kí wọ́n gbin èyí tó dára dípò wọn. Riesling ló jàǹfààní àṣẹ yẹn jù.

Ní ẹnu, ápù tútù, ọsàn wẹ́wẹ́, nígbà mìíràn òdòdó. Fífúyẹ́ rẹ̀ ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Kabinett, tó fúyẹ́ jù nínú ìdílé rẹ̀, sábà máa ń ní ọtí 7.5% sí 9% péré tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ṣúgà díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó dùn, ó tún kan, kò sì sí èyí tó borí ìkejì. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ràn wáìnì dídùn, èyí tí kò kan ló ti ń mu. Tí Riesling bá wá dàgbà nínú ìgò, ó lè máa rùn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bíi bẹntiróòlù. Mo mọ ohun tí ará ilé yín máa kọ́kọ́ sọ, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò lu yín ní jìbìtì. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, àwọn kan tilẹ̀ ń wá a kiri.

Orúkọ wáìnì Jámánì bàjẹ́ díẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 nítorí Liebfraumilch olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà ayé, èyí tó dùn ṣùgbọ́n tí kò ní egungun. Títí di òní, àwọn kan ń rò pé gbogbo wáìnì Jámánì ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má tẹ̀ lé wọn.

Chablis: òkúta àti òtútù òwúrọ̀

Chablis jẹ́ ìlú kékeré létí odò Serein, ní òpin àríwá Burgundy, agbègbè wáìnì kan ní ilẹ̀ Faransé, nǹkan bíi kìlómítà 180 sí Paris. Àjàrà kan ṣoṣo ni òfin gbà láyè níbẹ̀, Chardonnay. Ẹ kì í sábà rí orúkọ àjàrà yẹn lójú ìgò, nítorí orúkọ ìlú ni wọ́n fi ń tà á. Àwọn mọ́ńkì ilé ìsìn Pontigny, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1114, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ àjàrà ibẹ̀ di ńlá. Òfin tó dá orúkọ náà mọ̀ jáde ní 1938.

Ilẹ̀ wọn funfun, ẹfun àti òkúta tó kún fún ìkarahun àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó gbé inú òkun ní nǹkan bí àádọ́jọ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí omi tó fà kúrò níbẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àwọn ń tọ́ ìkarahun náà wò nínú wáìnì. Èmi ò rò pé òkúta ń wọ inú ife bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Chablis dáadáa máa ń ní nǹkan kan tó tutù, tó mọ́, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà, kò sì sí Chardonnay ilẹ̀ olóoru tó ní in.

Ọ̀tá wọn ni òtútù oṣù Kẹrin. Ìgbà yẹn ni igi àjàrà ń rúwé tuntun, bí omi bá sì dì sára ewé náà lóru, iṣẹ́ ọdún yẹn ti ń lọ. Wọ́n máa ń tan iná kéékèèké sáàárín ọgbà, tàbí kí wọ́n máa wọ́n omi sára ewé kí yìnyín tó bá bò ó dáàbò bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni o, yìnyín ni wọ́n fi ń lé òtútù: bí omi bá ń dì, ó máa ń tú ooru díẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ló ń gba ewé sílẹ̀. Oṣù Kẹrin 2021 burú fún wọn gan-an. Ọdún tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, wáìnì á kéré, owó rẹ̀ á sì gbẹ́nu sókè.

Ipele mẹ́rin ló wà: Petit Chablis, Chablis, Premier Cru àti Grand Cru, tí ìgbẹ̀yìn yìí wá láti orí òkè kan tó kọjú sí ìlú, tí wọ́n pín sí méje. Fún òde tiwa, Chablis lásán ti tó. Grand Cru ń fẹ́ kí wọ́n fi í pa mọ́ fún ọdún púpọ̀ níbi tó tutù, ta ló ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀fà? Kò sí ṣúgà tí ahọ́n lè mọ̀ níbẹ̀, ọtí rẹ̀ wà láàárín 12% sí 13%, ápù tútù àti ọsàn kíkan ló ń rùn.

Ìkìlọ̀ kan: láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ti ń kọ "Chablis" sára wáìnì funfun lásán, òfin sì fi àwọn tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá rí California lára rẹ̀, kì í ṣe èyí tí à ń sọ.

Marlborough: ẹni tó ń kígbe

Èyí rọrùn láti ṣàlàyé, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìpẹ̀kun àríwá ìlà-oòrùn erékùṣù gúúsù New Zealand ni. Oòrùn pọ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án, atẹ́gùn òkun àti òru tútù ló ń dá kíkan èso dúró. Àwọn baba ńlá wọn kọ́ ló fi sílẹ̀ fún wọn: ní 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin àjàrà níbẹ̀ lọ́nà tó lọ́ọ̀rìn, Cloudy Bay, ilé iṣẹ́ wáìnì tí ayé fi mọ orúkọ wọn, dé ní 1985, lónìí èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbà àjàrà orílẹ̀-èdè náà wà ní Marlborough.

Sauvignon Blanc wọn kì í dúró de kí ẹ gbé e sẹ́nu. Bí ẹ bá ti ṣí i ni gúáfà, koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé àti tàtàṣé tútù máa ń jáde nínú ife. Kò ní ṣúgà púpọ̀, ọtí rẹ̀ máa ń tó 12.5% sí 13.5%. Ìgò oníderí yíyí ni wọ́n fẹ́ràn, kò sí wàhálà à ń wá ohun tí a ó fi ṣí kọ́ọ̀kì nígbà tí àlejò ti jókòó. Tí kò bá sí ti Marlborough lọ́jà, Sauvignon Blanc ti Gúúsù Áfíríkà lẹ máa tètè rí lọ́dọ̀ wa. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Elgin tàbí Constantia sí lára. Elgin ga, ápù ló sọ ọ́ di olókìkí kí wáìnì tó dé. Constantia súnmọ́ òkun, ó sì ti ń ṣe wáìnì láti ìgbà ayé àwọn Dọ́ọ̀ṣì, ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Wọn ò kígbe tó ti New Zealand, èmi sì fẹ́ràn wọn nítorí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ata àti ọtí kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí ọtí inú wáìnì bá ṣe pọ̀ tó ni ata rodo ṣe ń jóni tó. Ẹni tó fi wáìnì 13.5% tẹ̀ lé ẹ̀fọ́ rírò tó ta, iná ló fi kún iná. Ṣúgà ló ń pa oró ata, kíkan ló ń gé epo kúrò lẹ́nu. Wáìnì tó ní ọtí díẹ̀, ṣúgà díẹ̀ àti kíkan púpọ̀ ni oúnjẹ wa ń béèrè, Mosel Kabinett ló sì ní gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìdí tí mo fi ń ṣègbè fún un nìyẹn, kì í ṣe pé ó fi ọgbọ́n ju àwọn tó kù lọ.

Ẹ gbé e sí ìdí pẹpẹsúùpù ẹja àrọ̀, ẹ ó rí i. Ẹ gbé e sí àsun. Súyà náà, nítorí ẹ̀pà àti ata ilẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Tí súyà bá le gan-an, ẹ gòkè lọ sí Spätlese, tí èso rẹ̀ pọ́n ju ti Kabinett lọ. Jọ̀lọ́ọ̀fù náà bá a mu, nítorí tòmátò kan, wáìnì tí kò bá kan tó o á dà bíi pé omi ni.

Ti wàrà yàtọ̀. Wàrà Ìlọrin, tí àwọn Fúlàní fi oje ewé bọ̀mùbọ̀mù mú kó dì, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n dín in láìsí ata púpọ̀, Marlborough ló ni ín. Ní àfonífojì Loire ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn Sauvignon Blanc tó gbajúmọ̀ bíi Sancerre ti ń wá, wàrà ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń mu ún. Ti màlúù ni tiwa, ó sì rọ̀ ju tiwọn lọ, àmọ́ ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu: ọ̀rá wàrà á gba kíkan wáìnì mọ́ra, òórùn ewé inú wáìnì á sì jí wàrà. Tí ẹ bá ń ṣe àpéjẹ kékeré, tí ẹ fẹ́ kí àlejò yín jẹ nǹkan kí oúnjẹ tó dé, wàrà díndín àti Sauvignon Blanc tútù lẹ máa gbé sílẹ̀. Frai-ráìsì àti sàláàdì náà, ẹ fi í tẹ̀ lé wọn.

Chablis kò ráàyè púpọ̀ lórí tábìlì wa, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ata ń lù ú. Irú ń bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti dára, ó dára jọjọ: ẹja díndín gbígbóná tí iyọ̀ nìkan wà lára rẹ̀, dùndún, adìyẹ sísun tí kò ta, àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. Ohun díndín tó ní iyọ̀, tí kò ní ata, òun ló ń wá. Fún bàbá tó dàgbà, tí dókítà ti ní kó yé jẹ ata, mi ò mọ èyí tó tún dáa jù ú lọ.

Iyán àti ẹ̀gúsí ńkọ́? Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìmọ̀ràn. Riesling tí kò dùn, èyí tí wọ́n kọ trocken sí lára, lè gbìyànjú, nítorí ẹ̀gúsí ní ọ̀rá, ó fẹ́ ohun tó kan. Àmọ́ irú àti pọ̀nmọ́ ò tíì bá wáìnì kankan mulẹ̀ lójú tèmi. Ẹni tó bá ní ẹmu ló kàn, mi ò ní bá a jiyàn. Ẹ jẹ iyán yín tán, ẹ fọwọ́, kí ẹ tó ṣí ìgò.

Bí a ṣe ń ka ara ìgò ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ wá iye ọtí ná, nọ́ńbà kékeré tó ní ìdá ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn. Tí ìgò bá jẹ́ Riesling Jámánì, tí nọ́ńbà náà sì wà láàárín 7.5 sí 9, ṣúgà ṣì kù níbẹ̀, ó máa dùn díẹ̀. Tó bá tó 11.5 sókè, ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà náà tán tàbí ó kù díẹ̀ kó tán. Ẹ kò nílò láti gbọ́ èdè Jámánì, nọ́ńbà yẹn ti sọ gbogbo rẹ̀. Trocken ni pé kò dùn. Kabinett, Spätlese àti Auslese ń sọ bí èso ṣe pọ́n tó nígbà tí wọ́n ká a, gẹ́gẹ́ bí òfin 1971 ṣe tò ó. Wọn kì í ṣe ipò ọlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń tà á ṣe máa ń pè é. Ìgò Mosel máa ń ga, ó máa ń rí tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ ewé ló sì sábà máa ń ní. Tí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ Mosel-Saar-Ruwer sí, ìgò àtijọ́ ni, wọ́n ti gé orúkọ náà kù sí Mosel láti 2007.

Lẹ́yìn náà, ọdún. Sauvignon Blanc kì í dàgbà dáadáa. Ọdún méjì sí mẹ́ta ti tó o, lẹ́yìn ìyẹn òórùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ẹ rántí pé oṣù Kẹta àti Ìkẹrin ni wọ́n ń kórè ní New Zealand, nígbà tí àwọn ará Yúróòpù ń kórè ní oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá. Nítorí náà, ìgò méjì tó ní ọdún kan náà lára, ti New Zealand fi bíi oṣù mẹ́fà ṣe ẹ̀gbọ́n. Riesling àti Chablis máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè pẹ́ gan-an, àmọ́ níbi tó tutù ni o. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti tọ́jú wáìnì pamọ́ sínú yàrá tí oòrùn oṣù Kẹta Ìlọrin ń wọ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ìdérí. Tí kọ́ọ̀kì bá ti yọrí sókè díẹ̀, tàbí tí omi wáìnì bá ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ooru ti jẹ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ìgò tó dúró nínú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù níbi tí oòrùn ti ń bà á, ẹ má rà á, kódà bí wọ́n bá dín owó rẹ̀ kù. Èyí tó wà lẹ́yìn, nínú òkùnkùn, ni kẹ́ ẹ béèrè. Tí ẹ bá sì ti gbé wáìnì sí fíríìjì, tí ẹ rí nǹkan kéékèèké tó ń dán nísàlẹ̀ ìgò, kì í ṣe àfọ́kù ìgò. Kíkan wáìnì ló dì nínú òtútù, kò sì ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Títutù rẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ

Riesling àti Sauvignon Blanc fẹ́ dígíríì 8 sí 10. Chablis fẹ́ kó gbóná díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, bíi 10 sí 12. Fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tutù ju èyí lọ, nítorí náà ẹ lè gbé e jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú. Òtútù tó bá pọ̀ jù ń pa òórùn wáìnì, ìyẹn náà ni àwọn tó ń ta wáìnì tí kò dára fi ń fẹ́ kí tiwọn tutù bí yìnyín.

Ṣùgbọ́n bí iná ò bá sí ńkọ́? Ẹ wá ike ńlá, ẹ bu omi sí i, ẹ kó áísì sí i, kí ẹ bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e. Ẹ ki ìgò bọ̀ ọ́ dé ọrùn. Láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó ti tutù. Áísì nìkan, láìsí omi, kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí atẹ́gùn ló wà láàárín áísì àti ìgò. Omi ló ń fọwọ́ kan ìgò yíká, iyọ̀ sì ń jẹ́ kí omi náà tutù sí i. Lábẹ́ tẹ́ǹtì ìnáwó lọ́sàn-án, ẹ má bu wáìnì kún ife. Ẹ bu díẹ̀, kí ẹ tún bu díẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ti tó fún ooru wa láti sọ Kabinett di nǹkan mìíràn.

Ta ló jókòó sí tábìlì?

Ìlọrin kì í ṣe Òmù-Àrán. Ilé tí wọ́n ti ń kírun, tí àfáà wà láàárín àlejò, ẹ má gbé ìgò kankan débẹ̀. Sobo tútù àti kúnú dára ju wáìnì èyíkéyìí lọ níbẹ̀. Ní ìgbéyàwó tí ẹbí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì bá jọ ṣe, tí a sì máa ń rí i dáadáa ní apá ọ̀dọ̀ wa, ẹ ya tábìlì ọtí sọ́tọ̀, kí ife rẹ̀ má sì bá ti àwọn tó kù pọ̀. Wáìnì "aláìlọ́tí" náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà ẹbí kí ẹ tó gbé e jáde. Àwọn kan gbà á, àwọn kan ò fẹ́ rí ìgò rẹ̀ sójú rárá.

Tí àna lẹ fẹ́ lọ kí, tí wọ́n sì ń mu, Chablis lẹ máa gbé lọ. Orúkọ rẹ̀ ní iyì, kò dùn bí ọtí ọmọdé, àgbà ò sì ní rò pé ẹ fojú tín-ínrín òun.

Fún òde, ìṣirò rẹ̀ ò le. Ìgò 750 ml máa ń pé ife mẹ́fà tí a bu 125 ml sí. Ọgọ́ta àlejò tó ń mu wáìnì, ife kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìgò mẹ́wàá. Nínú mẹ́wàá yẹn, èmi á ra Riesling mẹ́fà tí ọtí rẹ̀ kéré fún àwọn tó ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù àti àsun, Sauvignon Blanc mẹ́ta fún wàrà àti frai-ráìsì, Chablis kan fún tábìlì àwọn àgbà. Tí kò bá sí Riesling lọ́jà, ẹ jẹ́ kí Sauvignon Blanc ti Elgin pé mẹ́sàn-án, kí ẹ sì bẹ ẹni tó ń se ọbẹ̀ kó dín rodo rẹ̀ kù díẹ̀.